Yẹtí Tó Ti Inú Ẹyẹ Wá

Ìfẹ́ ẹlòmíì, ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti ẹlòmíì, inú ẹ̀rín ni. Ti Ummulkulthum ọmọ Ìjẹmọ̀, orí ẹja ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe lọ gan-an. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Níbi tí orin bá wà, kẹ́ ẹ bá mi gbè é.

Ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta ni ìyá rẹ̀, Àlàájà Àsíátù, ti ń ta ẹja, tútù àti yíyan, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí rẹ̀. Àwọn tó ń pe èrò Èkó á máa pariwo lẹ́yìn ìsọ̀, òun náà á máa fi orin bo ariwo wọn mọ́lẹ̀. Ummu, bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ náà kúrú nílé, ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, iṣẹ́ tó ń retí ò tíì yọjú, ló bá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń bá a to ẹja, ó ń bá a gbe orin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó dúdú, ó ń dán, ó sì pín èjí.

Ọjọ́ Àtàláátà kan lẹ́yìn Iléyá, ọkùnrin kan yọ sí wọn. Ó ga, ó gbẹ, oòrùn ti jó imú rẹ̀ dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, báàgì ńlá kan sì wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, Màmá. Orí ẹja ni mo fẹ́ rà."

"Orí ẹja wo?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Orí ṣawá, orí kòtè, orí kúta, orí kúrókà. Mẹ́wàá mẹ́wàá."

"Ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò nílò ara ẹ̀, mà."

Àlàájà Àsíátù wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ummu, wá gbọ́. Èyí fẹ́ orí, kò fẹ́ ara. Ológbò mélòó lẹ ní nílé, bọ̀ọ̀dá?"

"Mi ò ní ológbò, mà. Nítorí ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ ló ń jẹ orí ẹja?"

"Rárá, mà. Àwọn ẹyẹ òkun máa ń gbé ẹja mì lódidi, wọ́n á wá bi egungun ẹ̀ jáde. Èmi máa ń ṣa ohun tí wọ́n bì."

Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rọra fa igbá ata rẹ̀ sẹ́yìn. Ummu bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì yíjú sí i bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èèyàn mìíràn wà ní ìsọ̀ náà. Ó ní Yasir ni orúkọ òun, pé yunifásítì tó wà lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, pé ohun tí ẹyẹ òkun ń jẹ ni òun ń kọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù, òun á wà lórí yanrìn níbi tí ilẹ̀ Ògùn ti kan òkun. Ọ̀sẹ̀ méjì yòókù, òun á wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, òun á máa tú èébì.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi orí ṣe?" Ummu bi í.

"Òkúta kékeré funfun méjì wà nínú orí ẹja, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Egungun á fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ikùn ẹyẹ, àwọn òkúta yẹn kì í tètè yòrò. Ti ṣawá ò jọ ti kòtè. Tí mo bá lè dá òkúta mọ̀, mo ti mọ ẹja tí ẹyẹ jẹ nìyẹn. Mo fẹ́ la àwọn orí yìí kí n lè máa fi wéra."

"Tẹ́ ẹ bá wá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?" Àlàájà ló bi í ní tiẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha ìpẹ́.

Ojú ọkùnrin náà tàn. "Màmá, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú òkun tí ojú lásán ò lè rí, ìyẹn ni ṣawá ń jẹ. Ẹja ńlá á máa lé ṣawá, ṣawá á sá wá sókè, ẹyẹ á já lù ú láti òfurufú. Ẹyẹ á yàgbẹ́ sómi, ìgbẹ́ yẹn á tún bọ́ àwọn nǹkan tíntìntín náà. Bó ṣe ń yípo nìyẹn. Tí ẹyẹ bá dédé yí oúnjẹ padà, ó ní ohun tó ń ṣe ṣawá lábẹ́ omi, kí apẹja tó mọ̀, kí ẹ̀yin náà ní Kútọ̀ tó mọ̀."

Àlàájà dá ọ̀bẹ dúró. "Ọdún méjì rèé tí ṣawá ti ń kéré sí i lọ́wọ́ wa. Ẹyẹ yín ti mọ̀?"

"Ẹyẹ ti mọ̀, mà. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ tán."

Kí ó tó di pé Yasir di orí ẹja rẹ̀ tán, Àlàájà ti fi í ṣe orin:

*Ẹyẹ òkun, kí lo jẹ kó o tó dé?*
*Ṣawá ni mo jẹ, ṣawá ni mo jẹ.*
*Ta ló lé ṣawá wá bá ọ lókè?*
*Ẹja ńlá ló lé e, ẹja ńlá ló lé e.*
*Ẹja ńlá dà, ká rí i ká rà?*
*Ó wà ní Kútọ̀, lọ́dọ̀ Àsíátù.*

Ummu gbe orin náà títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Kò mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú.

Oṣù mẹ́fà ni Yasir fi ra orí ẹja. Tó bá ti òkun dé, Kútọ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí, pẹ̀lú iyanrìn nínú bàtà. Ó máa ń bá Ummu sọ̀rọ̀ títí ẹja á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni gbogbo rẹ̀. Ẹyẹ tó fi ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Ẹyẹ tó jẹ kòtè nígbà tí kò rí ṣawá. Ọmọ ẹyẹ tí kúta há lọ́fun. Ummu á tẹ́tí, á máa retí kí ọ̀rọ̀ yà síbòmíràn, ọ̀rọ̀ kò ní yà.

Ṣé èmi ló ń wá wò ni, á bi ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó bá ń gbé e lọ sílé ní Ìjẹmọ̀, àbí orí kòtè? Tó bá jẹ́ orí kòtè, kí ló dé tó ń ra èyí tó ti rà lóṣù tó kọjá? Tó bá jẹ́ èmi, kí ló dé tí kò sọ ọ́? Á da ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín, á dà á sọ́hùn-ún, kò ní fojú kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ojú rẹ̀ là lọ́jọ́ kan. Ó gbé ẹja lọ fún oníbàárà kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, Yasir bá a gbé agbọ̀n. Wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá títì, Yasir yọ fóònù, ó fi àwòrán kan hàn án tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ẹyẹ funfun méjì ni, dúdú lórí. Ọ̀kan gbé ẹja dání lẹ́nu, ó dúró níwájú èkejì, kò mira.

"Kí ló ń ṣe?" Ummu bi í.

"Akọ ni. Tó bá rí abo tó wù ú, á lọ pa ẹja, á gbé e wá, á dúró síwájú ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò ní ké?"

"Ẹja wà lẹ́nu ẹ̀. Kò lè ké."

"Tí abo ò bá wá mọ ohun tó ń wí?"

Yasir wo bàtà ara rẹ̀. "Ó máa ń mọ̀. Tó bá ti gba ẹja, ó parí."

Ummu dúró de èyí tó kù. Yasir gbé agbọ̀n, ó ní kí wọ́n máa lọ kí oòrùn má ba ẹja jẹ́. Ìgbà tí Ummu délé lọ́jọ́ náà, ó lu ìrọ̀rí bíi pé ìrọ̀rí ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí nígbà tí Àlàájì Sàlàhúdíìnì, bàbá rẹ̀, pè é sí pálọ̀. Àlàájì ń ta aṣọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan ní ọjọ́ tirẹ̀.

"Àwọn òbí Abdulbaqi ti wá bá mi," ó ní. "O mọ̀ ọ́n, ọmọ Ìjẹmọ̀ níbí ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kírun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ fún un. Mo ní kí wọ́n fún mi títí di Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Tá a bá ti kírun tán, mo máa fún wọn lésì. Ṣé ẹnì kan wà nílẹ̀?"

Ummu tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ, ó ní, "Ẹni tó ń ra orí ẹja yẹn ńkọ́?"

"Ẹni tó ń ṣa èébì ẹyẹ," Àlàájì ní. "Ṣé ó máa ń wẹ̀ kó tó kírun? Níbo làwọn èèyàn ẹ̀ wà?"

"Ọ̀tà ni, Bàbá. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni bàbá ẹ̀ ń lọ ṣe l'Ékòó."

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí n má mọ̀ wọ́n. Ṣé ó ti bá ẹ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?"

Ummu ronú kan ẹyẹ tó gbé ẹja lẹ́nu. Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? "Rárá, Bàbá."

"Ó dáa. Tó bá ní nǹkan í sọ, Jímọ́ọ̀ ò jìnnà."

Yasir wà lórí yanrìn lọ́sẹ̀ yẹn, fóònù ò sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ummu pè é ní ìgbà mọ́kànlá. Kí ni òun ì bá tilẹ̀ sọ tó bá gbé e? Pé kí ó wá fẹ́ òun kí ó tó di Jímọ́ọ̀? Tí kò bá ní irú ẹ̀ lọ́kàn ńkọ́? Inú rẹ̀ tún dùn pé kò gbé e. Lẹ́yìn náà, inú bí i pé kò gbé e.

Ọjọ́ Àtìní ni Rodiat dé. Ọ̀rẹ́ Ummu láti kékeré ni, ọmọ Ìjẹmọ̀ ni òun náà, ọ́fíìsì kan náà ni òun àti Yasir sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn, ó sì máa ń sọ ìdajì rẹ̀ nù lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ tó gbé e ò pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó dúró níwájú ilé.

"Gbà, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, etí òkun ni mo ti ń bọ̀." Ó na agolo pẹlẹbẹ kan jáde. "Yasir ní kí n fún ẹ. Àlàmísì lòun máa dé. Ó ní kó o fi han Màmá."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ṣí i kó o rí i. Ẹ̀rù iṣẹ́ tó ń bà á lójoojúmọ́, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń gbé e fún mi. Ìwọ náà wo ẹni tó ń dà ẹ́ láàmú." Ó rẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ́ gbé e lọ.

Ummu ti ilẹ̀kùn yàrá kí ó tó ṣí i. Òkúta funfun mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Méje kéré, Yasir fi bébà pẹ́lẹ́bẹ́ dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi súìtì. Méjì tó tóbi jù, tó sì ń dán bí eyín ọmọdé, òwú ni ó fi tẹ́ abẹ́ wọn. Ummu fò dìde. Akọ ẹyẹ ti gbé ẹja wá. Kí òun fi han Màmá, ẹ ò gbọ́? Kí ni ọkùnrin ń fi han ìyá ọmọ bí kò ṣe pé ó ti ṣe tán?

Ó tú gbogbo bébà náà, ó da òkúta pọ̀. Ó jókòó, ó ń ka bébà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, Yasir kọ nọ́ńbà, ó kọ ọjọ́, ó kọ orúkọ ibì kan létí òkun, ó sì tún kọ nọ́ńbà mìíràn sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Kí ni àwọn ṣe lọ́jọ́ náà? Ó ronú títí, ó rántí pé òjò rọ̀, Yasir sì bá wọn kó ẹja wọlé. Ìyẹn dáa. Ọjọ́ kejìdínlógún ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, Yasir ò tilẹ̀ sí nílùú. Bóyá ọjọ́ tó rántí òun nìyẹn. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni kò yé e. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà lé díẹ̀. Bóyá bí ìfẹ́ náà ṣe ń ga sí i ni. Ṣùgbọ́n ó tún wá sọ̀ kalẹ̀ di mẹ́ta nínú oṣù kẹrin, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́ díẹ̀ lórí oṣù kẹrin yẹn, kò mọ ohun tí òun ṣe fún un.

Ó kó bébà méjèèje sínú àpò Kùránì rẹ̀, nítorí ọwọ́ Yasir ló kọ wọ́n. Kò tíì fi agolo han ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó dájú ná, bẹ́ẹ̀ sì ni kò mọ ẹni tí yóò mú un dá òun lójú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mú òkúta ńlá méjì náà, ó gba ilé Bàbá Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ wúrà lọ.

Bàbá arúgbó náà gbé wọn sún mọ́ ojú. "Òkúta kí ni èyí?"

"Òkúta òkun ni, Bàbá. Yẹtí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣe."

"Kò jọ òkúta. Ó jọ eyín. Ẹni tó fún ẹ, ṣé ó fẹ́ràn ẹ ni, àbí ó ní kó o bá òun gbé e lọ fún dókítà?"

Ummu rẹ́rìn-ín débi tí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó délé, ó rí i pé ìbéèrè náà ò pa òun lẹ́rìn-ín mọ́.

Àlàmísì pé. Ummu so ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn kí yẹtí lè yọ. Ìyá rẹ̀ wo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, ó sì ń to ẹja rẹ̀ lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun ọ̀sán ni Yasir wọ Kútọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, Màmá." Ó rí Ummu. Ó rí etí rẹ̀. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ummu rí i pé ẹ̀rín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní igun ẹnu náà, ọkàn òun náà sì fẹ́ gbéra. Ẹ̀rín náà ò parí. "Àwọn yòókù ńkọ́?" Yasir bi í.

"Wọ́n wà nínú agolo."

"Màmá, ṣé ẹ ti bá mi wò wọ́n, mà? Ṣé ẹ dá wọn mọ̀?"

"Kí ni kí n wò?" Àlàájà bi í.

"Àwọn òkúta orí ẹja, mà. Méje tó ta kókó, tí wọ́n ti họ débi pé èmi àti ọ̀gá mi ò mọ ẹja tó ni wọ́n. Mo ní kí Rodiat sọ fún yín pé kẹ́ ẹ bá mi fojú kàn wọ́n, nítorí kò sí orí ẹja tẹ́ ẹ ò tíì là rí."

Ummu gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbẹ́sẹ̀ lórí àkàbà tí kò bá ilẹ̀ níbi tó rò pé ilẹ̀ wà.

"Ummu, wọ́n ṣì wà nínú bébà wọn?"

"Mo ti tú wọn."

"Gbogbo ẹ̀? O dà wọ́n pọ̀?" Yasir jókòó sórí àpótí ẹja. "Ọlọ́run. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Tí mi ò bá mọ ẹyẹ tó bi èyí, tí mi ò mọ ọjọ́, òkúta lásán ló kù lọ́wọ́ mi."

"Èébì," Ummu ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Inú èébì ni wọ́n ti wá. Gbogbo ẹ̀."

"Ibẹ̀ náà ni. Níbo ni wọn ì bá tún ti wá?"

Aláta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," ó sì tún fa igbá rẹ̀. Ummu ò gbọ́ ti ẹnì kankan mọ́. Ó wọ kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó rí. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n ọ́n lọ sí Ìjẹmọ̀, yẹtí sì ń lu ọrùn rẹ̀ lápá méjèèjì. Òun ló kọ ìtàn gbogbo rẹ̀ sórí bébà iṣẹ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó rí i. Àbí kò rí i? Tí kò bá sí nǹkan, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n, bí Rodiat ṣe wí? Ẹ̀rù iṣẹ́. Rodiat náà ti wí bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú orin ẹyẹ òkun, orin náà kọ̀, kò jáde.

Bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ti ṣe àlùwàlá. "Ìwọ rèé. Kí ni kí n sọ fún àwọn Abdulbaqi lọ́la?"

Abdulbaqi ò burú. Kò sí ẹyẹ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèyàn á mọ ohun tó ń wí. "Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́, Bàbá," Ummu ní.

Àlàájì wò ó. "Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ fẹ́."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ìyá Ummu wọlé, tòun ti òórùn ẹja, Yasir tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó gbé báàgì mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì, ó sì gbàgbé láti dìde.

"Dìde kí ilẹ̀ má gbà ẹ́," Àlàájà ní. "Ummu, agolo dà? Bébà wọ̀nyẹn ńkọ́, o ti jù wọ́n nù?"

"Wọ́n wà."

"Níbo?"

"Nínú àpò Kùránì mi."

Àlàájà wo Yasir láti rí i bóyá ó gbọ́ ibi tí bébà rẹ̀ sùn. Ó gbọ́.

Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì. Àlàájà Àsíátù, tí kò mọ̀wé kọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, fi ìka kan tú òkúta ká. "Èyí, ṣawá kékeré. Èyí, ṣawá náà ni, àmọ́ àgbà. Kòtè. Kòtè. Kúta méjì. Èyí tó ní eyín létí bí ayùn, ẹja pẹlẹbẹ tó máa ń sùn sínú iyanrìn ni. Ẹ ò lè rí i ní Kútọ̀, àfi ká bá a nínú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà mọ́ tiwa."

"Ẹja ìsàlẹ̀ yanrìn?" Yasir gbórí sókè. "Ẹyẹ tó ń já lu omi láti òkè, báwo ló ṣe rí i?"

"Ọkọ̀ apẹja ló dà á nù. Wọ́n máa ń da èyí tí kò tà sómi. Ẹyẹ ẹ ti ń jẹ àjẹkù wọn, ọmọ mi. Ebi ń pa á."

Yasir ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ irin ìwọ̀n kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òkúta, ó ń pe gígùn rẹ̀, Ummu ń wá bébà tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá a mu. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Mẹ́fà lé díẹ̀. Èyí wá ni bí ìfẹ́ ṣe ń ga, ó ń wí lọ́kàn, ojú sì ń tì í. Òkúta kọ̀ọ̀kan padà sínú bébà tirẹ̀ títí tábìlì fi mọ́.

"Ó pé," Yasir ní, ó mí kanlẹ̀. "Méje. Ó pé, Màmá."

Ummu yọ yẹtí rẹ̀, ti ọ̀tún, ti òsì. Ó kó wọn sórí aṣọ dúdú náà. "Ẹ gba méjì yòókù. Ẹ má bínú pé mo ti fi irin sí i."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ìyẹn, kúrókà ni," ìyá rẹ̀ ní. "Mo ti mọ̀ ọ́n létí ẹ láti àárọ̀, mo rò pé àṣà tuntun ni. Kúrókà kan náà ni, tọ̀tún-tòsì. Kò sẹ́ni tí ò lè mọ kúrókà, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Yasir, kí lo fi ránṣẹ́ pé kí n bá ọ wò nínú kúrókà?" Ó ń yẹ orí tábìlì wò bó ti ń sọ̀rọ̀. "Bébà tiẹ̀ dà?"

Ummu wo àpò Kùránì. Ó yí i po, ó gbọ̀n ọ́n. Bébà méje ló gbà. Bébà méje ló kó jáde. Òkúta mẹ́sàn-án ló bá nínú agolo.

"Kò ní bébà," Ummu ní. Ó gbójú sókè. "Ẹ ò kọ nọ́ńbà sí wọn."

Yasir ń wo bàtà rẹ̀, àmọ́ ó ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Kí ló túmọ̀ sí tí kò bá ní nọ́ńbà?" Àlàájì bi í láti orí àga rẹ̀.

"Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ti iṣẹ́, sà." Yasir kúnlẹ̀ síwájú Àlàájì. "Gbogbo ohun tí mo bá ṣa lórí yanrìn yẹn ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Ọdún mẹ́rin rèé, mi ò fo ọ̀kan rí. Òkúta méjèèjì inú orí ẹja kan kì í sábà bọ́ jáde pọ̀. Ọ̀kan á yòrò, tàbí kó bọ́ sómi. Lóṣù tó kọjá, mo rí méjèèjì níbì kan náà, wọn ò họ, wọn ò yòrò. Mo mú bébà, mo fẹ́ kọ nọ́ńbà. Ọwọ́ mi ò kọ ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ fún mi?" Ummu ní. "Ní Kútọ̀ lónìí, kí ló dé tí ẹ fi ń bi mí léèrè bébà?"

"Mo rí i létí ẹ. Mo rò pé o ti gbà á, pé ó ti parí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. O wá ní o ti da àwọn yòókù pọ̀, ẹ̀rù ọ̀gá mi bà mí, ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ lu ara wọn lẹ́nu mi." Ó wò ó wàyí. "Mo ti sọ fún ẹ lábẹ́ máńgòrò yẹn ohun tí akọ máa ń ṣe."

"Ẹ sọ ohun tí ẹyẹ máa ń ṣe. Ẹ ò sọ ohun tí ẹ̀yin máa ń ṣe."

Àlàájà Àsíátù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ́ka sí yẹtí náà.

"Inú ẹyẹ ló ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O fọ̀ ọ́?"

"Mo sè é, sà, mo fọ̀ ọ́, mo tún sè é."

"Ìwọ ńkọ́? O máa ń wẹ̀ kó o tó kírun?"

"Sà, òkun ló yí mi ká."

Àlàájì ronú sí èyí. Ó jọ pé kò rí àbùkù nínú rẹ̀. "Lọ́la ni Jímọ́ọ̀. Mo ti sọ fún àwọn kan pé mo máa fún wọn lésì. Mi ò lè sọ fún wọn pé ẹnì kan fi orí ẹja ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Mo fẹ́ rí bàbá tó bí ẹ."

"Ó máa ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ní Jímọ́ọ̀, sà."

"Pè é."

Yasir yọ fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Ummu sì rí i pé òótọ́ ni Rodiat sọ, ìdí rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. "Dádì, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gba ààyè níbi iṣẹ́ lọ́la? Abẹ́òkúta ni. Rárá, ara mi le. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, sà." Ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. Ó yíjú sí wọn. "Ó ń bi mí bóyá èèyàn ni."

Ìgbà yẹn ni Àlàájì Sàlàhúdíìnì wá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá Ìjẹmọ̀ kó jọ yí ìyàwó ká, wọ́n ń gbé yẹtí rẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Ọ̀kan ní Mẹ́kà ni wọ́n ti rà á. Ọ̀kan ní Dùbáì ni. Wọ́n bi Àlàájà Àsíátù.

"Orí kúrókà ni," Àlàájà ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ẹlẹ́ja ò lè ṣàwàdà kó má fẹja kún un.

Ummu náà rẹ́rìn-ín. Ó ti dá bébà méjèèje padà fún ẹni tó ni wọ́n, ó sì ti gba bébà kẹjọ ní pàṣípààrọ̀, èyí tí Yasir ya lára ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lórí rẹ̀, kò sí gígùn, kò sí orúkọ ibì kankan létí òkun. Ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀: ọjọ́ Àtàláátà kan lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí ọkùnrin kan wá ra orí láìra ara. Láti ìgbà yẹn ni, Yasir ní. Àní láti orí ẹ̀rín àkọ́kọ́ yẹn. Oṣù mẹ́fà gbáko tí Ummu fi ń da ọ̀rọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, èsì ti wà lọ́wọ́ Yasir. Ummu rò ó títí, kò tíì mọ̀ bóyá kí òun nà án ni tàbí kí òun dì mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ti gbórin lókè, ó sì bá a gbè é:

*Ẹyẹ òkun, kí lo gbé wá fún mi?*
*Méjì ni mo gbé, méjì ni mo gbé.*
*Kí ló dé tó ò ké, tó ò wí nǹkan?*
*Ẹja ń bẹ lẹ́nu mi, ẹja ń bẹ lẹ́nu mi.*
*Ẹja yẹn dà, ká rí i ká gbà?*
*Ó wà ní Ìjẹmọ̀, létí Ummu.*